Ooru fẹ́ pa mí nínú bọ́ọ̀sì tí mo ń sùn, kí lẹ ti ṣe tó ṣiṣẹ́?

Òṣómàáló_Òde_Òní (Iléṣà)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Aṣọ ni mò ń tà, àǹkárá àti léèsì, ọjà ọlọ́rọọrún ni mò ń ná kiri, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀fọ̀n, Ọ̀ṣú, Ìfẹ́wàrà, nígbà míì mo tún máa ń já sí Òkè-Mẹ̀sí. Bàbá bàbá mi ṣe òṣómàáló, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, tí oníbàárà bá jẹ wọ́n lówó wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ títí á fi san án. Èmi ò lè lóṣòó fún ẹnikẹ́ni, mo ra Hiace àtijọ́ kan lọ́dún tó kọjá, mo yọ gbogbo àga ẹ̀yìn ẹ̀, kápíńtà bá mi kan bẹ́ẹ̀dì pákó sí i, abẹ́ ẹ̀ ni mò ń kó ẹrù sí, sítóófù kékeré wà, kẹ́ẹ̀gì omi wà, ilé ti pé. Mi ò sanwó òtẹ́ẹ̀lì mọ́.

Ooru nìkan ló kù. Tí mo bá ti páàkì sínú ọjà láti aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán èèyàn ò lè wọ ibẹ̀. Mo gbé tẹmómítà olówó pọ́ọ́kú kan kọ́ sínú ẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè, ó kà 46. Mo fọwọ́ kan páànù orí ẹ̀, mo yára fà á, ẹyin á dín lórí ẹ̀. Mo rò pé alẹ́ á sàn, rárá o, títí aago mọ́kànlá ni fóòmù tí mo ń sùn lé ṣì máa ń gbóná bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀.

Mo rí fídíò kan lórí fóònù tí wọ́n ti ní kéèyàn lu ihò méjì sára ìdérí kúlà, kó gbé fáànù kékeré sójú ọ̀kan, kó kó yìnyín sínú ẹ̀. Mo ṣe é. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ tútù ń bọ̀, inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó mi. Nígbà tó fi máa tó wákàtí kan àtààbọ̀ yìnyín ti di omi, inú bọ́ọ̀sì wá rí bí ìgbà téèyàn gbé orí lé ìkòkò àmàlà. Mo ń bá a bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbà tí mo máa tú ẹrù léèsì kan fún oníbàárà l'Ẹ́fọ̀n, ó ti bu. Léèsì funfun o, àmì dúdú kéékèèké káàkiri etí ẹ̀. Ojú tì mí, mo ní kí màmá yẹn má bínú, mo ká a pa dà.

AC ọkọ̀ náà ti kú kí n tó rà á. Mi ò lówó sólà rẹpẹtẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ní kí jórinjórin jó jẹnẹrétọ̀ kékeré mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ kí n fi máa gbé fáànù onígíga lóru. Kí lẹ ti fọwọ́ ara yín ṣe tó ṣiṣẹ́? Ohun tí ẹ fọwọ́ ṣe ni mò ń bèèrè o, kì í ṣe fídíò, fídíò ti jẹ mí níyà.

Ìyá_Aránṣọ_Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko. Ìwọ wá gbé iná sínú bọ́ọ̀sì, o tún ń sùn tì í 😂

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ránṣọ nínú kọ̀ńténà, irin lókè irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí ohun tó o fẹ́ sọ fún mi nípa ooru. Ohun àkọ́kọ́ tí èmi náà ṣe ni pé mo ra fáànù ńlá, kí ni fáànù ọ̀hún ń fẹ́ sí mi lára, ooru náà ni, ó kàn ń yára gbé e wá bá mi ni. Kápíńtà kan tó wá gba ṣòkòtò ẹ̀ ló là mí lójú, ó ní màmá, ṣé ẹ máa ń da omi tútù sínú ìkòkò tí iná ń jó lábẹ́ ẹ̀ ni, ẹ kọ́kọ́ yọ igi ná.

Ó ri ọparun mẹ́fà sórí kọ̀ńténà, ó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ láàárín ọparun àti páànù, a wá to imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí kó nípọn dáadáa. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni oníbàárà kan wọlé tó ń wò káàkiri, ó ní màmá, AC dà? Mo ní ó wà lórí. Àlàfo yẹn ni ọ̀gá o, má ṣeré pẹ̀lú ẹ̀. Nígbà tí imọ̀ yẹn gbẹ tá a fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, ọmọ kan bá mi tò ó lé páànù tààrà láìfi àlàfo sílẹ̀, ooru pa dà wá, omi òjò dúró sábẹ́ ẹ̀, páànù bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, èkúté sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Mo ní kó tú gbogbo ẹ̀.

Ìwọ ò lè ru imọ̀ ọ̀pẹ lọ sí Ẹ̀fọ̀n lójú títì, tapólì ni kó o lò, èyí tó funfun, tí wọ́n bá sọ pé aláwọ̀ búlúù ló kù kó o lọ síwájú. Kó o sì gbé fóòmù yẹn kúrò. Fóòmù a máa gba ooru mọ́ra, ìwọ náà á tún fi ara tìẹ kún un. Ẹní ni kó o tẹ́, kí kápíńtà la pákó bẹ́ẹ̀dì yẹn kí àlàfo wà láàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ wá. Ẹ̀yìn á kọ́kọ́ dùn ẹ́, á mọ́ ẹ lára.

Tó o bá rí igi ọ̀dán ní ọjà kankan, abẹ́ ẹ̀ ni kó o ti páàkì, kì í ṣe lásán làwọn àgbà ṣe ń gbìn ín sọ́jà. Ṣùgbọ́n tó bá di ìgbà òjò àkọ́rọ̀, oṣù kẹta sí ìkẹrin yìí, tójú ọ̀run bá ti ṣú, kúrò lábẹ́ igi. Ìjì yẹn kì í bẹ èèyàn kó tó ṣẹ́ ẹ̀ka.

Rewáyà_Modákẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n ẹ má ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ yẹn ni mò ń sọ. Ẹ má ṣe é rárá.

Ọkùnrin kan ládùúgbò wa, mo ti bá a tún ọkọ̀ ṣe ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, ó gbé tiẹ̀ sí pásẹ́èjì lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí pé òjò ń rọ̀, ó ní òun kàn fẹ́ fi gbé fáànù kí òun fi sùn. Ilẹ̀ mọ́, jẹnẹrétọ̀ ti jẹ epo ẹ̀ tán ó ti kú, òun náà ò dìde. Kábónì mọnọ́ksáìdì ni wọ́n ń pè é, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ gbàyè afẹ́fẹ́ tó yẹ ká mí, ẹni tó ti sùn ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe òun. Bọ́ọ̀sì kéré ju pásẹ́èjì lọ, ẹ tún wá fẹ́ jó o mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kéèyàn tan ẹnjìnì sílẹ̀ kó máa sùn torí AC, bẹ́ẹ̀ náà ni iná èédú. Sítóófù yín náà, ẹ máa gbé e sílẹ̀ níta dáná.

Ó yá, fáànù. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní fáànù inú kọ̀ǹpútà tó ti kú, èyí tó tó sẹ̀ǹtímítà 12 yẹn, ẹ wo ara ẹ̀ kó jẹ́ 12V. Ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí 0.25A, ẹ tan méjì láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago márùn-ún àárọ̀, 4Ah péré ni. Bátìrì ọkọ̀ yín tó bá ṣì dáa ò ní mọ̀ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun. Ẹ fi ọ̀kan sókè lẹ́yìn kó máa lé afẹ́fẹ́ jáde torí òkè ni ooru ń gùn sí, ẹ fi èkejì sísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí òòrùn ò sí kó máa fa afẹ́fẹ́ wọlé. Fúùsì kékeré lẹ́bàá bátìrì o, ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ pé ẹ so wáyà lásán, aṣọ ló kún inú ọkọ̀ yẹn.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ra íńfátà kẹ́ ẹ gbé AC ilé sí i. AC ọ̀kan-hp ń jẹ bíi 800W, ìyẹn ju 65A lọ lára bátìrì 12V, bátìrì 100Ah tuntun á dákú láàárín wákàtí kan sí i. Ẹ fowó yẹn ra aṣọ.

Jàgùnmólú_Ìbàlà

Gbogbo ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ yìí, ṣé ẹ fẹ́ gbé egúngún jáde ni? Ẹ̀gbọ́n ẹ tún AC ọkọ̀ ṣe kí ọ̀rọ̀ tán.

Òṣómàáló_Òde_Òní

Jàgùnmólú ṣé o gbọ́ iye tí wọ́n pe kọ̀ǹprẹ́sọ̀ fún mi? Owó ẹrù àǹkárá méjì. Tí mo bá sì tún un ṣe tán, ẹnjìnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kó tó tutù, rewáyà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tó wà níbẹ̀ ni. Màmá, ẹ ṣé gan-an, ọ̀rọ̀ igi abẹ́ ìkòkò yẹn wọ̀ mí lára. Rewáyà, mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi yẹn, ó ní òun ò rò ó débẹ̀.

Tísà_Físíìsì_Ifẹ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, kẹ́ ẹ má bínú tí mo bá gùn.

Ọ̀rọ̀ kúlà yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Kí kílò yìnyín kan tó yọ́ tán, ó máa ń gba ooru bíi 334 kJ. Ká ní kílò 10 lẹ kó sí i, gbogbo ẹ̀ ò tó 1 kWh (ìyẹn 3,600 kJ). AC ọ̀kan-hp ń kó nǹkan bí 2.6 kW ooru síta, torí náà gbogbo yìnyín tẹ́ ẹ fowó rà tẹ́ ẹ rù wá látọjà, iṣẹ́ AC fún bí ogún ìṣẹ́jú ló ṣe. Ìdí nìyẹn tí inú yín fi dùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn fáànù ti ń fẹ́ kọjá lórí omi, ọ̀rinrin ló ń kó sínú bọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni èbu léèsì yín ti wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sílé ìyá àgbà, ẹ rántí àmù. Omi inú ẹ̀ máa ń tutù láìsí iná, torí pé omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀ bọ́ sí ìta, èyí tó gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ ń kó ooru dání lọ. Lítà omi kan tó bá gbẹ báyìí ń kó ooru tó bí ìlọ́po méje èyí tí kílò yìnyín kan ń gbà tó bá ń yọ́. Ọkùnrin kan láti Jígàwá, Mohammed Bah Abba, tísà lòun náà, ó fi ìkòkò kan sínú òmíì, ó da iyanrìn tútù sáàárín wọn, wọ́n ń fi tọ́jú tòmátò àtẹ̀fọ́ kó má tètè bàjẹ́, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní 2000 torí ẹ̀. Àmọ́ òkè ọ̀hún lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ wọn gbẹ. Tiwa níbí, láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti rin gbindin, táwẹ́ẹ̀lì tó ti rin, kí ló tún fẹ́ nù? Tó bá di ìgbà ọyẹ́, oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, ẹ na aṣọ tútù sójú fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ẹ ó rí iṣẹ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ kó aṣọ títà jìnnà sí i o.

Ohun tí màmá Lágéré sọ ni òótọ́ ibẹ̀. Níbi tí Iléṣà àti Ifẹ̀ wà láyé yìí, òòrùn máa ń dúró gangan lé wa lórí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, nítorí náà orí ọkọ̀ ló ń jẹ ìyà jù lọ́sàn-án. Tẹ́ ẹ bá ti dé OAU rí, ẹ rántí ilé Humanities. Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì tó ya àwòrán ẹ̀, ṣe é bíi píramídì tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò, àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, òkè ń ṣíji bo ìsàlẹ̀, òòrùn àti òjò ò rójú fèrèsé. Tapólì tó bá yọ síta díẹ̀ kọjá etí bọ́ọ̀sì, ohun kan náà ló ń ṣe.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kun orí ọkọ̀, funfun ni. Ẹ má gbà kí wọ́n ta sílífà fún yín torí pé ó ń dán. Ohun tó ń dán bẹ́ẹ̀ máa ń ti òòrùn pa dà lóòótọ́ ṣùgbọ́n ooru tó bá ti wọ̀ ọ́ kì í tètè jáde, funfun ń ti òòrùn pa dà, ó tún ń tú ooru sílẹ̀. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín ná, àwọ̀ ọkọ̀ wà nínú ẹ̀.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ lórí ibi tẹ́ ẹ máa kọjú ọkọ̀ sí. Iwájú tàbí ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ sí ìlà oòrùn, kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ẹ̀ má kọ ojú sí òòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́.

Jàgùnmólú_Ìbàlà

Tísà, ìdánwò ńkọ́, ọjọ́ wo ni? 😂 Àmọ́ ti sílífà yẹn, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà_Òkè_Ẹ̀ṣọ̀ (Iléṣà)

Ohun tẹ́nì kan ò sọ ni ẹ̀fọn. Gbogbo afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbà wọlé yẹn, fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí, ẹ̀fọn á sì bá a wọlé. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe, rọ́bà tó yí ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì ká yẹn, mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ilẹ̀kùn lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ pọ́kí tẹ́ ẹ bá tì í. Ti fíríìjì tó ti kú wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn rẹpẹtẹ. Ẹ gé e, ẹ rán nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá gbé e súnmọ́ ara ọkọ̀ á gbá mọ́ ọn fúnra ẹ̀, láàárọ̀ ẹ á kàn ya á kúrò. Mo ti lò ó bí ọdún mẹ́ta nínú bọ́ọ̀sì tí mo fi ń kó àwọn olórin. Irin nìkan ló ń lẹ̀ mọ́ o, kì í mú gíláàsì.

Gíláàsì iwájú, ẹ bò ó láti ìta. Àwọn kan máa ń fi páálí sínú, ó dáa ju kéèyàn má fi nǹkan kan sí i lọ, ṣùgbọ́n òòrùn ti gba gíláàsì kọjá kó tó bá páálí. Èmi ìró funfun ìyàwó mi àtijọ́ ni mò ń tẹ́ lé e, mo há etí ẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ó ti gbó báyìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ.

Òṣómàáló_Òde_Òní

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo kun orí ẹ̀ ní funfun, ẹnì kan bá mi ha á, ó fi práímà sí i, ó wá kun ọ́ìlì péǹtì lé e lẹ́ẹ̀mejì. Mo de ọparun mọ́ kárià, àlàfo tó wà níbẹ̀ tó ìbú ọwọ́ méjì, mo ta tapólì funfun lé e kó yọ síta díẹ̀ bí tísà ṣe wí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi ò ká a kúrò kí n tó gbéra, ọ̀nà Ìpetu ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí ọkọ̀ bí aṣọ egúngún, àwọn ọmọ iléèwé ń pariwo lẹ́yìn mi (Jàgùnmólú, má rẹ́rìn-ín), ó ya ní etí kan. Báyìí mo máa ń ká a kí n tó stáàtì, ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ní aago méjì ọ̀sán, tẹmómítà ka 38 nínú ọkọ̀, 34 nítòsí ẹ̀ lábẹ́ igi. Mo fọwọ́ lé páànù orí ẹ̀ mo ka ogún kí n tó gbé e kúrò. Ooru ṣì wà o, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n èèyàn lè jókòó jẹun níbẹ̀.

Fáànù méjèèjì, mo ti kọ́kọ́ ṣì í so, àwọn méjèèjì ń fẹ́ wọlé, n ò mọ̀, mo ń rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo tan kọ́ìlì ẹ̀fọn lálẹ́, mo wá rí i pé èéfín ẹ̀ kàn dúró sójú kan láàárín ọkọ̀, ó ń yí po. Mo dojú fáànù òkè kọ ìta, mo pa dà wo èéfín yẹn, ó fà tẹ́ẹ́rẹ́ gba orí bẹ́ẹ̀dì kọjá, ó gòkè, ó jáde. Mo jókòó wò ó fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Rọ́bà fíríìjì náà ṣiṣẹ́, mi ò tan kọ́ìlì mọ́ látìgbà yẹn.

Ẹní, màmá, ìyàwó mi rí àpá ẹ̀ ní ẹ̀yìn mi ó béèrè pé ta ló nà mí. Ara mi sì tutù. Mo to àwọn ẹrù aṣọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí òòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bá, mo fi nylon wé wọn, wọ́n dúró bí ògiri, aṣọ ò rin mọ́. Léèsì tó bu yẹn, mo fọ̀ ọ́ títí, àmì ẹ̀ ò lọ tán, mo gé e tà fún àwọn tó ń rán aṣọ ọmọdé.

Ó ku ẹyọ kan. Abẹ́ àga iwájú ni ẹnjìnì Hiace wà, tí mo bá ti wa ọkọ̀ láti Ifẹ̀ dé Iléṣà kí n tó páàkì sùn, ooru máa ń ti iwájú yẹn rọ́ wá bá mi títí bí aago méjìlá òru, tapólì ò kan ìyẹn. Kí ni mo lè ṣe sí i?

Rewáyà_Modákẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí àga iwájú sókè, ẹ wo rọ́bà tó yí ìdérí ẹnjìnì ká. Nínú ọ̀pọ̀ Hiace àtijọ́ tí mo ti ṣí, ó ti gé tàbí kó ti gbẹ dànù, ibẹ̀ ni ooru ń gbà wọlé, èéfín náà sì lè gba ibẹ̀ wọlé tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀, torí náà ẹ má fi í sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti páàkì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì sílẹ̀ fún bí wákàtí kan kẹ́ ẹ tó wọlé sùn, ẹ fi aṣọ kan pín iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ n'Ífẹ̀, mo ní rọ́bà tó bá a mu. Tẹ́ ẹ bá gba Ọ̀ṣú, ẹ bá mi ra àkàrà dání.